Ká Tó Di Aago Méjìlá Ọ̀sán: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Oúnjẹ Òṣìṣẹ́ Tọ́wọ́ Rẹ̀ Dí

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ti ibi iṣẹ́ òru wá, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ kú àpérò. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó wà níhìn-ín tí iṣẹ́ kò dúró dè, nítorí náà mi ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni oúnjẹ ọ̀sán ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dí: oúnjẹ tó yá, tó ṣara lóore, tí kò sì jẹ owó. Kókó ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun dáadáa lọ́sàn-án, kó ti yan oúnjẹ náà kí ebi tó dé; kó sì se oúnjẹ lẹ́yọ lẹ́yọ, kó máa dà wọ́n pọ̀ lójoojúmọ́ bó bá ṣe wù ú. Gbogbo ohun tí mo máa sọ lẹ́yìn èyí, àlàyé lórí bí a ṣe ń ṣe é ni.

Kókó kìíní: Nígbà wo la ń yan oúnjẹ ọ̀sán?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Aago mélòó lẹ máa ń pinnu ohun tẹ́ ẹ máa jẹ lọ́sàn-án? Ọ̀pọ̀ èèyàn, ìgbà tí inú bá ti ń kùn ni. Àwọn àgbà sì ti wí i pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ebi ń pa kì í ráyè wo iye owó, kì í ráyè ro ti iyọ̀ tàbí ti ṣúgà. Ohun tó bá sún mọ́ ọn jù lọ ló máa nawọ́ mú. Kí ló sì sábà máa ń sún mọ́ wa lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́? Ohun dídín, búrẹ́dì funfun, ìpápánu inú ọ̀rá, àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ẹ fọkàn wo òṣìṣẹ́ méjì tí wọ́n jọ jókòó sí yàrá kan. Ọ̀kan ra búrẹ́dì funfun àti ẹlẹ́rìndòdò agolo kan. Èkejì jẹ ìrẹsì díẹ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tó gbé wá látilé. Nígbà tí aago mẹ́ta bá lù, oorun ti ń kun ẹni àkọ́kọ́, ebi sì ti tún dé, ló bá lọ ra bisikíìtì. Kí ló fà á? Ìyẹ̀fun tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ kúrò àti ṣúgà inú omi máa ń dà kíákíá nínú ìfun. Wọ́n á gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tún wálẹ̀. Ẹ̀wà ní púrótéènì, ìyẹn èròjà tó ń kọ́ ara, ó ní fáíbà, ìyẹn okùn inú oúnjẹ tí ikùn kì í lè lọ̀ tán, ẹ̀fọ́ náà ní fáíbà. Àwọn wọ̀nyí kì í jẹ́ kí oúnjẹ tètè dà, ikùn á sì dúró pẹ́. Agolo ẹlẹ́rìndòdò kan tó gba mílílítà 330 máa ń ní ṣúgà tó tó gíráàmù 35. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé ara àgbàlagbà á túbọ̀ jàǹfààní bí ṣúgà àfikún tó ń jẹ lóòjọ́ kò bá kọjá nǹkan bí gíráàmù 25. Agolo kan péré ti kọjá ibẹ̀.

Ṣé ẹ wá rí i? Ẹni àkọ́kọ́ rò pé òun jẹ oúnjẹ tí kò wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sanwó. Oúnjẹ tí kò gbé èèyàn dé aago márùn-ún, owó rẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀.

Kókó kejì: Kí ló yẹ kó wà nínú àwo?

Èyí kò ní pẹ́. Ohun mẹ́rin ni: ohun tó ń fúnni lókun, ohun tó ní púrótéènì, ẹ̀fọ́, àti ohun tó ń mú un dùn. Gbogbo ibi tí mo bá ti pe ife lónìí, ife tó gba omi mílílítà 250 ni mo ní lọ́kàn.

Ìrẹsì, pasítà, ànàmọ́ tàbí ọkà mìíràn tó ti jinná: ife kan. Púrótéènì: ẹ̀wà tó ti jinná, ìdá méjì nínú mẹ́ta ife sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife, tàbí ẹyin méjì, tàbí ẹja tàbí adìyẹ tó tó gíráàmù 100. Ẹ̀fọ́: gíráàmù 150 sí 200, ìyẹn ẹ̀kúnwọ́ méjì ńlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ká máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó tó gíráàmù 400, ó kéré tán, lóòjọ́. Bí ẹ bá ti jẹ 200 lọ́sàn-án, ìlàjì iṣẹ́ ti tán. Ohun adùn: ọbẹ̀ tàbí òróró àti omi lẹ́mọ́ọ̀nù, ṣíbí ńlá méjì.

Ibi táwọn èèyàn ti sábà máa ń ṣì í ni pé ìrẹsì á kún àwo, ẹ̀fọ́ á wá dà bí ohun ọ̀ṣọ́ lórí rẹ̀. Ẹ yí i padà. Ẹ kọ́kọ́ bu ẹ̀fọ́ sínú ike, kó gba ìdajì, kẹ́ ẹ tó bu àwọn yòókù.

Kókó kẹta: Wákàtí kan àbọ̀ nídìí iná lọ́sẹ̀

Ibí ni mo ti fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀, torí ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti gbìyànjú láti máa se oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kalẹ̀ ti pa á tì. Kí nìdí? Wọ́n se ìkòkò oúnjẹ kan ṣoṣo, wọ́n pín in sínú ike márùn-ún. Ọjọ́ Ajé, ó dùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣì dùn. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, wọn ò fẹ́ fojú kàn án mọ́, ni wọ́n bá jáde lọ ra ohun mìíràn, ike méjì sì bàjẹ́. Ẹbi oúnjẹ yẹn kọ́. Ohun tí wọ́n ti dà pọ̀ ò ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́ ni. Ẹ se ìrẹsì lọ́tọ̀, ẹ se ẹ̀wà lọ́tọ̀, ẹ̀fọ́ lọ́tọ̀, ohun adùn méjì lọ́tọ̀. Ìrẹsì àti ẹ̀wà pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà jẹ́ oúnjẹ kan. Ẹ̀wà yẹn kan náà pẹ̀lú kábéèjì tútù, ẹyin àti omi lẹ́mọ́ọ̀nù, oúnjẹ mìíràn nìyẹn. Ẹ̀fọ́ àti ẹyin láàárín búrẹ́dì tí wọn ò bó èèpo àlìkámà rẹ̀ kúrò, ẹ̀kẹta nìyẹn.

Ìkòkò méjì àti páànù kan ti tó. Fún ẹnì kan, ọ̀sán márùn-ún: ìrẹsì ife méjì, yóò di nǹkan bí ife mẹ́fà, ẹ̀wà gbígbẹ ife kan, yóò di ife méjì àbọ̀ sí mẹ́ta, ẹyin mẹ́rin, ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi, nǹkan bíi kílò kan.

Alẹ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti rẹ ẹ̀wà sínú omi púpọ̀, wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá. Lọ́jọ́ kejì, ẹ da omi náà nù, ẹ bu omi mìíràn sí i. Ẹ̀wà ló máa kọ́kọ́ gorí iná, torí òun ló pẹ́ jù. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín ní májèlé kan nínú tó ń jẹ́ lectin. Bí kò bá jinná, ẹyọ mẹ́rin sí márùn-ún lè mú èèyàn bì láàárín wákàtí díẹ̀. Kó hó gidi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó dín iná kù, kẹ́ ẹ wá sè é títí á fi rọ̀. Ìkòkò oníná mànàmáná tó ń se oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ kì í sábà gbóná tó láti pa májèlé yìí. Kódà ooru tí kò dé 80°C lè mú kó le sí i. Ẹ kọ́kọ́ bọ ẹ̀wà náà kó hó nínú ìkòkò lásán kó tó wọ ibẹ̀. Ẹ má sì tíì da tòmátì sí ẹ̀wà tí kò tíì rọ̀. Kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèpo ẹ̀wà rọ̀ bọ̀rọ̀.

Ẹni tó gbàgbé láti rẹ ẹ̀wà ńkọ́? Kó lo lẹ́ńtìlì, irú ẹ̀wà kékeré pẹlẹbẹ kan. Kò nílò rírẹ. Lẹ́ńtìlì pupa á jinná láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, aláwọ̀ ilẹ̀ láàárín 20 sí 30.

Bí ẹ̀wà bá ti ń hó, ẹ fọ ìrẹsì, ẹ gbé e kaná kejì: ife ìrẹsì kan, ife omi méjì. Bó bá ti hó, ẹ rẹ iná náà sílẹ̀ pátápátá, ẹ dé e, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 18, ẹ pa iná, ẹ má ṣí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ooru inú ìkòkò ló ń parí iṣẹ́. Ẹni tó bá ń ṣí i wò, tó ń rò ó, ooru á jáde, ìrẹsì á lẹ̀ mọ́ra, ìsàlẹ̀ á jóná, òkè á le.

Àsìkò yìí lẹ máa gé ẹ̀fọ́. Kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà àti ata dára fún ọ̀sẹ̀ tó gùn torí wọn kì í tètè bàjẹ́. Ewé tútù múlọ́múlọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ, Ọjọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun. Bí ìrẹsì bá kúrò lórí iná, ẹyin á wọlé: ẹ kó o sínú omi tó ti ń hó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ kó o sínú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹyin tó bá pẹ́ jù lórí iná ni pupa inú rẹ̀ máa ń ní òrùka aláwọ̀ ewé tó sì ń rùn díẹ̀. Kò ní pani lára, ṣùgbọ́n kì í dùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má bó o. Ẹyin tó wà nínú èèpo á lo ọ̀sẹ̀ kan nínú fíríìjì.

Ẹ̀fọ́ ló kẹ́yìn. Òróró ṣíbí ńlá méjì nínú páànù, iná ńlá, ẹ da ẹ̀fọ́ náà sí i ní ìgbà méjì, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, omi rẹ̀ á jáde, á wá máa bọ̀ dípò kó yan, ọjọ́ kejì á ti rọ̀ gọ̀ọ̀gọ̀. Ìdajì kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì, ẹ má gbé e kaná rárá. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú ike fún jíjẹ ní tútù.

Ọ̀rọ̀ adùn wá kù. Àkọ́kọ́: òróró ṣíbí ńlá mẹ́ta, omi lẹ́mọ́ọ̀nù ṣíbí ńlá méjì, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, aáyù ẹyọ kan tí a gún, ẹ kó o sínú ìgò, ẹ mì í. Fíríìjì ni kó wà, kẹ́ ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́rin, torí aáyù tútù tó wà nínú òróró lórí tábìlì lè mú kí kòkòrò tó ń fa bọ́túlíísìmù dàgbà, ìyẹn àìsàn kan tó lè pa èèyàn. Ìkejì: ẹ̀pà lílọ̀ ṣíbí ńlá mẹ́ta, omi gbígbóná ìwọ̀n kan náà, ata ilẹ̀, ata gígún, omi lẹ́mọ́ọ̀nù díẹ̀. Lẹ́mọ́ọ̀nù yìí kì í ṣe fún adùn nìkan. Fítámì C inú rẹ̀ ń jẹ́ kí ara rí èròjà irin inú ẹ̀wà gbà dáadáa. Tíì àti kọfí ń ṣe òdìkejì. Ẹ jẹ́ kí wákàtí kan kọjá lẹ́yìn oúnjẹ kẹ́ ẹ tó mu ún, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ yín kì í pọ̀ tó.

Kókó kẹrin: Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run

Òwe yìí ò le jù fún ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí a fi pamọ́. Láàárín 5°C sí 60°C ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ kíákíá. Nítorí náà, ohun gbígbóná, kó gbóná gan-an; ohun tútù, kó tutù gan-an. Oúnjẹ tó bá ti lò ju wákàtí méjì lọ lórí tábìlì, ẹ má tọ́jú rẹ̀ mọ́. Bí ooru ojú ọjọ́ bá kọjá 32°C, wákàtí kan péré ni.

Ìrẹsì ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Bacillus cereus máa ń ní irúgbìn tí ooru ìkòkò kò lè pa. Bí ìrẹsì bá wà níta tó lọ́wọ́ọ́wọ́, irúgbìn náà á hù, á sì pèsè májèlé. Bí ẹ bá tún ìrẹsì yẹn gbé kaná, kòkòrò lè kú, májèlé ò ní lọ. Ẹ̀ẹ̀melòó làwọn èèyàn ti sọ pé, “Mo ṣáà gbé e kaná dáadáa kí n tó jẹ ẹ́”? Gbígbé e kaná kọ́ ni ìwòsàn rẹ̀. Kó tètè tutù ni. Ẹ tẹ́ ìrẹsì sínú ike pẹrẹsẹ, kó má ga ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ; láàárín wákàtí kan, kó ti wọ fíríìjì. Ìkòkò ńlá tí ẹ dé, tí ẹ gbé sínú fíríìjì bẹ́ẹ̀, àárín rẹ̀ ṣì lè gbóná títí di òru.

Ìrẹsì ọ̀la nìkan ni kó dúró sínú fíríìjì. Ìyókù, ẹ pín in ní ife kọ̀ọ̀kan, ẹ kó o sínú fírísà tó wà ní −18°C, kẹ́ ẹ máa mú ẹyọ kan lójoojúmọ́. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ sísè á lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú fíríìjì tí kò ju 4°C lọ. Ti Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, ẹ gbé e sí fírísà. Kábéèjì tútù àti ẹyin bíbọ̀ kì í wọ fírísà: ọ̀kan á rọ̀, èkejì á le bí rọ́bà. Ẹ fi bébà tó lẹ̀ kọ ọjọ́ sára ike kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá fẹ́ gbóná oúnjẹ nínú máíkírówéfù, ẹ wọ́n omi ṣíbí ńlá kan sórí ìrẹsì, ẹ dé e fẹ́ẹ́rẹ́ kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Ìrẹsì tó tutù máa ń le torí sítáàṣì inú rẹ̀ ti dì. Omi àti ooru ló ń tú u. Ìṣẹ́jú méjì, ẹ rò ó, ìṣẹ́jú kan sí i, ẹ jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú kan. Ẹ máa rò ó láàárín, torí ẹ̀rọ yìí kì í gbóná dọ́gba: ẹ̀gbẹ́ á máa hó nígbà tí àárín ṣì tutù. Kó dé 74°C, ìyẹn ni pé kí èéfín máa rú jáde láti àárín rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa gbóná rẹ̀. Ẹ má gbé ẹyin tó wà nínú èèpo sínú máíkírówéfù. Ó máa ń bú, nígbà mìíràn lójú ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́.

Kókó karùn-ún: Owó

Ẹ má wo iye tí wọ́n kọ sára ọ̀rá nìkan. Ẹ pín owó náà sí iye gíráàmù tó wà nínú rẹ̀, ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ ti mọ iye tí gíráàmù 100 jẹ́ nìyẹn. Ọ̀rá kékeré tó dà bíi pé kò wọ́n ló sábà máa ń wọ́n jù. Fún ẹ̀wà gbígbẹ, ẹ rántí pé ìwọ̀n rẹ̀ á tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta bó bá jinná. Ti inú agolo ti mu omi rẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó sanwó rẹ̀. Síbẹ̀ mi ò ní bá ẹni tó ra agolo jà. Agolo ẹ̀wà tó di jíjẹ sàn ju ẹ̀wà gbígbẹ tó ń wo yín láti orí pẹpẹ lọ. Ẹ ṣáà fi omi ṣan án. Ó lé ní ìdámẹ́ta iyọ̀ rẹ̀ tó máa bá omi náà lọ. Ẹ̀fọ́ inú fírísà náà kò kéré sí tútù nínú èròjà, wọn ò sì ní bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má yọ́ ọ kẹ́ ẹ tó sè é. Láti inú yìnyín ni kó ti bọ́ sínú páànù.

Ṣùgbọ́n ibi tí owó ti ń dànù jù ni ohun tí a rà tí a ò jẹ. Lórí ìwé ọjà yín, ẹ kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan. Ohun tí kò bá ní ọjọ́, ẹ fi sílẹ̀ lọ́jà.

Kókó tó kẹ́yìn: Ibi iṣẹ́ tí kò ní fíríìjì, àti ọjọ́ tí kò sí sísè

Bí kò bá sí fíríìjì, ẹ fi ike omi kan sí fírísà lálẹ́, kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ tútù àti ike yìnyín náà sínú báàgì tó ń pa òtútù mọ́. Bí kò bá sí ohun tẹ́ ẹ máa fi gbóná oúnjẹ, ẹ lo fúláásìkì ẹlẹ́nu gbòòrò. Omi híhó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rọ sínú rẹ̀, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dà á nù, ẹ wá bu oúnjẹ tó ń hó sí i títí dé ẹnu, ẹ dé e lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣí i títí dìgbà tẹ́ ẹ máa jẹun. Ẹni tó bu oúnjẹ lọ́wọ́ọ́wọ́ sí fúláásìkì tútù, tó sì bu ìdajì péré, àárín 5°C sí 60°C yẹn gan-an ló gbé oúnjẹ rẹ̀ sí láti àárọ̀ dọ̀sán.

Ọ̀sẹ̀ mìíràn sì máa wà tí kò ní sí àyè láti se ohunkóhun. Ẹ tọ́jú ohun díẹ̀ sínú àpótí tábìlì yín nítorí rẹ̀: agolo ẹja sardine méjì, agolo ẹ̀wà méjì, ọ́ọ̀tì, ẹ̀pà aláìníyọ̀, fọ́ọ̀kì kan. Agolo tó ṣeé fi ọwọ́ ṣí ni kẹ́ ẹ rà. Ìdajì agolo ẹ̀wà tẹ́ ẹ ti fi omi ṣan, agolo sardine kan, tòmátì kan àti ìlàjì àlùbọ́sà tẹ́ ẹ mú láti ilé, omi lẹ́mọ́ọ̀nù lórí rẹ̀: kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Eegun sardine rírọ̀ yẹn, ẹ má yọ ọ́ dànù, kálísíọ̀mù wà nínú rẹ̀. Ẹ̀wà tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má fi í sínú agolo, ẹ gbé e sínú ike onídèrí kó wọ fíríìjì. Bí kò bá sí fíríìjì, ẹ fún ẹlẹ́gbẹ́ yín jẹ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sì mú ohun kan nínú àpótí yẹn, lọ́jọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ọjà yín, kẹ́ ẹ má baà ṣí àpótí nígbà mìíràn kẹ́ ẹ bá a lófo.

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́ sókè.